Ìrẹsì Tí Kò Lọ́mọ àti Irọ́ Tí Mo Pa fún Dókítà

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo inú òdòdó ìrẹsì. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn èèyàn ní Mowe, wọ́n máa ń rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn, ní oko ìwádìí kékeré kan lẹ́yìn Ibafo, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, tí omi sì máa ń dúró jálẹ̀ ìgbà òjò. Èmi kì í ṣe onímọ̀ ìjìnlẹ̀ o. Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ lábù ni mo ní láti ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ló mọ ìdí tí a fi ń ṣe ohun tí à ń ṣe. Tèmi ni kí n gbìn, kí n bomi rin ín, kí n já òdòdó láàárọ̀, kí n sì wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù.

Ìrẹsì kan wà lọ́wọ́ wa nígbà náà tí kò ní orúkọ, nọ́ńbà la fi ń pè é. Kó tó yọ orí, kò sí ẹni tó lè mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ó tilẹ̀ ga ju àwọn tó yí i ká lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn yòókù bá ti tẹrí ba nítorí ìwúwo ọmọ, tirẹ̀ á ṣì nàró ṣánṣán. Bí o bá fi èékánná tẹ èèpo rẹ̀, òfìfo ni.

Ìyẹ̀fun tó wà nínú òdòdó ìrẹsì ni akọ rẹ̀. Bí a bá kán oògùn àyẹ̀wò tí à ń pè ní áyódíìnì sí i lára, èyí tó dára á dúdú minimini. Èyí tí kò ní nǹkan kan nínú á kàn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á sì súnkì. Ti ìrẹsì tiwa yìí, gbogbo rẹ̀ ló máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo máa ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń kọ òdo sí ibi tó yẹ kí n kọ iye àwọn tó dúdú sí.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa fa àga, ó jókòó tì mí. Ó ní kò dáa kí n máa ka nǹkan tí kò yé mi.

Ó ní DNA dà bí okùn tín-ín-rín tí àbùdá wa wà lára rẹ̀. Bí ìrẹsì bá fẹ́ ṣe ìyẹ̀fun akọ, okùn tó ti ọ̀dọ̀ bàbá wá àti èyí tó ti ọ̀dọ̀ ìyá wá á sún mọ́ra wọn, ara ìrẹsì náà á sì mọ̀ọ́mọ̀ gé wọn, kí wọ́n lè gba díẹ̀díẹ̀ lára ara wọn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn àbùdá kan, àwọn jíìnì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ àtúnṣe, á wá so ojú ibi tí wọ́n gé pọ̀.

Ó ní, "Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣàtúnṣe yẹn ló bàjẹ́ lára ìrẹsì yìí. Wọ́n gé okùn, kò sẹ́ni tó so ó. Wẹ́lẹwẹ̀lẹ ló wà títí ìyẹ̀fun fi kú."

Mo bi í pé, "Abo rẹ̀ ńkọ́, mà?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe abo rẹ̀. Gbé ìyẹ̀fun ìrẹsì mìíràn wá fún un, wàá rí i pé á bímọ."

A sì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gé orí èèpo òdòdó náà pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì kékeré, mo gbọn ìyẹ̀fun ìrẹsì mìíràn lé e, mo fi bébà bò ó. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọmọ fi so níbẹ̀. Ọ̀gá wa ní àwọn tó ń da oríṣi ìrẹsì méjì pọ̀ kí irúgbìn lè dáa sí i, irú ìyá tí kò ní akọ nínú bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wá. Inú rẹ̀ dùn. Inú èmi náà dùn lọ́jọ́ yẹn. Mi ò tíì mọ nǹkan kan nípa ara mi.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi. Télọ̀ ni ìyàwó mi, ọmọ apá Ọ̀yọ́ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà níwájú ilé tí a háyà ní Mowe. Ó ń gé ọrùn bùbá nígbà tí mo ń ṣàlàyé. Ó dáwọ́ dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gé aṣọ tí kò ní rán an? Àwọn tó wà nínú ìrẹsì yín yẹn ò parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ rárá."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, kó mú ọ̀rọ̀ tó le kó sọ ọ́ di ẹ̀rín.

A ti ṣègbéyàwó fún ọdún márùn-ún nígbà náà. Àwọn tí wọ́n kó wọ àdúgbò lọ́dún tí a kó débẹ̀ ti di ìyá ẹni kan, bàbá ẹni kan. Ìyàwó mi nìkan ni gbogbo wọn ṣì ń pè ní "Ìyàwó." Àwọn ọmọdé tí wọ́n bí lójú rẹ̀ pàápàá ń pè é ní "Àǹtí Ìyàwó." Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn kan máa ń kí i pé "Ìyá Ìbejì," wọ́n ní nípa ìgbàgbọ́ ni. Á dáhùn, á kúnlẹ̀, á dúpẹ́. Bí a bá ti yà sí ọ̀nà ilé wa, á yára ṣáájú mi títí a ó fi wọlé.

Ìyá mi máa ń ti Ọ̀ṣun wá bẹ̀ wá wò. Àwọn ọdún àkọ́kọ́, ó ń gbé èlùbọ́ àti epo wá, ó ń ṣàdúrà. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí ìyàwó mi gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ìyá mi wo àwo náà, ó ní, "O mọ ọbẹ̀ sè. Mo ti ń jẹ ọbẹ̀ rẹ láti ọdún márùn-ún. Ṣé ọbẹ̀ nìkan ni màá máa jẹ nínú ilé yìí ni?"

Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà."

Èmi wà níjókòó. Mo ní, "Mààmi, ẹ jẹ́un."

Ó ti lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń sọ fún un pé kó mú ọkọ rẹ̀ wá. Mo máa ń wí àwáwí. Òdòdó ìrẹsì kì í dúró deni, òwúrọ̀ nìkan ló máa ń là, mi ò lè kúrò lóko. Òótọ́ ni pé òwúrọ̀ ló máa ń là. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí mo fi ń bo ẹ̀rù mi mọ́lẹ̀ ni.

Nígbà tó yá, ẹ̀rù náà kò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Mo dá lọ. Mi ò lọ sí Mowe tàbí Ibafo, kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi. Ifo ni mo lọ, sí lábù kan tí mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Mo fún wọn ní ohun tí wọ́n ní kí n mú wá, mo sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ọkùnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò náà tó ọjọ́ orí mi. Ó jáde, ó bi mí ní ìbéèrè kan tàbí méjì. Nígbà tí mo sọ fún un pé lábù lèmi náà ti ń ṣiṣẹ́, ó rò ó díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ wá wò ó fúnra yín. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n wò."

Mo tẹ ojú mọ́ máíkírósíkóòpù wọn. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún. Mo wá gbogbo igun rẹ̀ bí mo ṣe máa ń wá ti ìrẹsì. Kì í ṣe pé wọ́n kéré. Kì í ṣe pé wọn ò rìn. Kò sí ẹyọ irúgbìn ọkùnrin kan níbẹ̀. Ìrẹsì tiwa tí mò ń káàánú pàápàá ní ìyẹ̀fun òfìfo tí mo lè kà. Èmi ò rí nǹkan tí mo lè kà.

Ó fọwọ́ kan èjìká mi. "Ẹ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ká tún un ṣe. Nǹkan lè yí padà."

Mo padà lọ. Kò yí padà. Dókítà tó wà níbẹ̀ ní ó lè jẹ́ pé ọ̀nà ló dí, ó sì lè jẹ́ pé ara mi kò ṣe é rárá, pé nígbà mìíràn inú àbùdá èèyàn ni ọ̀rọ̀ náà máa ń wà. Ó kọ ìwé fún mi pé kí n lọ sí ọsibítù ńlá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ká ìwé náà, mo kó o sí dúrọ́ọ̀ mi lóko, lábẹ́ àwọn páálí gíláàsì, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ó lé ní ọdún kan tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí láàárín àkókò yẹn, nítorí ó ṣojú mi. Mo rí ìyàwó mi tó ń gbààwẹ̀ títí tó fi ń gbé orí lé máṣíìnì sinmi. Mo rí i tó ń mu àgbo kíkorò tí ẹnì kan fún un ní Akute, tó sì ń bì í. Mo gbọ́ tí ìyá mi sọ fún un lórí fóònù pé kó tú ọmọ òun sílẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ yẹn, ó tún lọ aṣọ iṣẹ́ mi, ó fún mi ní oúnjẹ nínú kúlà, ó ní, "Ẹ máa rọra o." Mo gbà á, mo jáde.

Ní ọdún yẹn ni dókítà rẹ̀ sọ pé fáíbírọ́ìdì wà nínú rẹ̀, kò tóbi púpọ̀, ó lè jẹ́ òun ló ń dí oyún lọ́wọ́, ó sì lè má jẹ́ òun. Ó ní a lè gé e kúrò. Ó ní kí àwa méjèèjì wá.

Mo lọ. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò rí àwáwí kankan wí. Dókítà náà jẹ́ àgbàlagbà tó máa ń fara balẹ̀. Ó wo fáìlì, ó wò mí. Ó ní, "Kí a tó fi abẹ kan obìnrin yìí, mo fẹ́ mọ̀. Ṣé ẹ̀yin náà ti ṣe àyẹ̀wò tiyín, sà?"

Ìyàwó mi yíjú sí mi. Ó dá a lójú pé màá ní mi ò tíì ṣe é.

Mo ní, "Mo ti ṣe é. Ó dáa."

Ojú ìyàwó mi tàn. Ó rò pé mo ti lọ ṣe é ní ìkọ̀kọ̀ nítorí tirẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì, ó sì tẹ̀ ẹ́. Dókítà kọ nǹkan sínú fáìlì. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́."

Ọjọ́ pé. Láago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n tì í wọlé. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi láti orí ibùsùn tí wọ́n ń tì náà. Ó ní, "Ẹ bá mi fi ṣọ́ọ̀bù kún àdúrà." Ilẹ̀kùn pa dé. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹnu mi kò sì yadi. Mo ṣì lè pariwo pé kí wọ́n dúró. Mi ò pariwo.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, nọ́ọ̀sì kan sáré jáde, ó ní kí n wá. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, kò dá. Wọ́n ti fún un ní gbogbo èyí tí wọ́n ní nílẹ̀, wọ́n ń wá òmíràn. Dókítà jáde fúnra rẹ̀, aṣọ rẹ̀ ti rin. Ó ní, "Ilé ọmọ ni a máa yọ kí ẹ̀mí rẹ̀ lè dúró. Ẹ fọwọ́ síwèé."

Mo fọwọ́ síwèé. Ó yè.

Nígbà tó la ojú, tí wọ́n sì sọ fún un, ó sunkún fún ọjọ́ méjì. Ohun tó ń sọ ni, "Ẹ dárí jì mí. Mo ti gba ọmọ lọ́wọ́ yín." Ó ń sọ ọ́ fún mi, èmi tí mo jókòó tì í. Mo ń nu ojú rẹ̀. Bí mo bá ní kí n ṣàpèjúwe bí inú mi ṣe rí nígbà yẹn, irọ́ mìíràn ni màá tún máa pa, nítorí mi ò mọ ọ̀rọ̀ tó lè gbé e.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí a délé, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, ó ní kí n fẹ́ obìnrin mìíràn. Ó ní òun ti rò ó, òun kò ní bínú, kí n sáà jẹ́ kí òun máa gbé níbi tí òun wà. Ó kúnlẹ̀ sọ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti wọ yàrá, mo mú ìwé náà wá. Mo ti mú un kúrò lóko ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n mi ò tíì ní ìgboyà.

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó wo déètì tó wà lókè rẹ̀.

Ó bi mí pé, "Ìgbà wo lo mọ̀?"

Láti ọjọ́ tí a ti mọra wa, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò pè mí ní "ẹ."

Mo ní, "Ó ti lé ní ọdún kan."

"Kí n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Dókítà bi ẹ́. Mo jókòó tì ẹ́. Mo di ọwọ́ rẹ mú."

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Kò sọ pé kí n dìde, kò sì sunkún. Ó gbé ìwé náà sórí àga, ó bọ́ síta lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń gbọ́ máṣíìnì. Aṣọ oníbàárà kan wà nílẹ̀ tó ti ṣèlérí pé yóò parí. Ó parí rẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó ká a. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá láti Àgbàdo, wọ́n gbé máṣíìnì àti àpótí aṣọ sínú ọkọ̀, wọ́n lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe ọmọ tìrẹ bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà ló rántí ohun tó sọ, ó sì yíjú kúrò.

Mo lọ sọ fún ìyá mi ní Ọ̀ṣun. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì ń ṣa ẹ̀wà náà lọ, ṣùgbọ́n ó ti ń ju èyí tó dáa nù pọ̀ mọ́ èyí tí kò dáa. Ó ní, "Gbogbo èébú tí mo bú ọmọ ọlọ́mọ. Ìwọ sì gbọ́." Kò bú mi. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ó wọkọ̀ lọ sí Àgbàdo láìsọ fún mi. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló padà sọ fún mi pé àgbàlagbà náà kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, pé ìyàwó mi kígbe, ó sáré kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde, tí àwọn méjèèjì sì di ara wọn mú, wọ́n ń sunkún. Kò tíì sí ẹni tó sunkún pẹ̀lú mi.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ọ̀gá wa àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ rí jíìnì tó dára fi sínú ìrẹsì náà, dípò èyí tó bàjẹ́. Àwọn irúgbìn kékeré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tanná, èmi ni mo já òdòdó, mo kán áyódíìnì, mo tẹ ojú mọ́ ọn. Wọ́n dúdú minimini, wọ́n kún ojú gíláàsì. Mo pe ọ̀gá wa. Ó wò ó, ó pariwo, ó gbá mi mọ́ra, ó ń jó káàkiri lábù. Mo rẹ́rìn-ín, mo kí i kú oríire. Mo wá ní mo fẹ́ lọ tún páìpù omi ṣe. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀rọ omi ni mo lọ dúró sí títí ojú mi fi gbẹ.

Mo padà lọ sí ọsibítù ńlá tí wọ́n ti kọ ìwé fún mi pé kí n lọ tipẹ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n sì ní kí n padà wá. Dókítà ọ̀dọ́ kan ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní apá kan ti já kúrò lára okùn DNA tó sọ mí di ọkùnrin, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí mi, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà. Ó fẹ́ tù mí nínú. Ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀bi yín, sà." Mo ní, "Mo mọ̀ pé èyí kì í ṣe ẹ̀bi mi." Kò mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo máa ń lọ sí Àgbàdo ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan lóṣù. Ìyàwó mi ti gba ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ojú irin, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní "Mọ́mì." Á ní kí wọ́n gbé àga fún mi. Màá jókòó. Nígbà mìíràn a ó sọ̀rọ̀ nípa ìlera ìyá mi, nítorí àwọn méjèèjì ṣì ń pe ara wọn. Nígbà mìíràn oníbàárà á dé, màá sì dìde lọ.

Ní oṣù tó kọjá, ó tẹ̀lé mi dé ibi tí mo ti máa wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti sanra díẹ̀, ó wọ awò ojú báyìí nítorí abẹ́rẹ́.

Ó ní, "Mo ti dárí jì ẹ́. Ó ti pẹ́. Mi ò sọ ọ́ ni, torí mo fẹ́ kí ó dá mi lójú."

Mo fẹ́ kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó di apá mi mú.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n má wá mọ́. Bí o bá ti wá, ọ̀sẹ̀ yẹn á bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo máa ń rán aṣọ, màá tún tú u. Jọ̀ọ́."

Mo ní mo ti gbọ́. Kẹ̀kẹ́ kan dúró, mo wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ti ń padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà sì ti jáde wá pàdé rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ kan lọ́wọ́, ó ń bi í ní nǹkan, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ojú rírán rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó yẹ kí n tún lọ ti kọjá. Mi ò lọ.